Àgúnmu Agbálẹ̀

Òwú kọ̀, kò wọ ojú abẹ́rẹ́.

Aránṣọ náà fi ètè rẹ ẹnu òwú lẹ́ẹ̀kan sí i, ó na abẹ́rẹ́ sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, ọwọ́ rẹ̀ sì tún yẹ̀. Ọkùnrin tó ti ń ṣe iṣẹ́ yìí láti ọdún méjìlélógún ni, tó máa ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́ láìwo ibẹ̀, tí ẹnu rẹ̀ yóò máa bá oníbàárà ṣàwàdà lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ yìí, abẹ́rẹ́ ń gbọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀ bí ìyẹ́ adìẹ nínú afẹ́fẹ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ó jọ pé abẹ́rẹ́ òun ti ní ọkọ mìíràn.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tó jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ, kò lè rẹ́rìn-ín. Ọwọ́ yẹn ló ń wò. Bébà kékeré kan tó ká pọ̀ wà nínú àpò ṣòkòtò rẹ̀, ó sì ń ṣe é bíi pé bébà náà ń jó itan rẹ̀. Àgúnmu ló wà nínú rẹ̀, èyí tó ṣẹ́ kù lẹ́yìn tó ti ro ti àárọ̀ yẹn pọ̀ mọ́ tíì àbúrò rẹ̀, tó fi ṣúgà bo kíkorò rẹ̀, tó sì jókòó tì í títí ó fi mu ún dé ìsàlẹ̀ ife.

Ọjọ́ kẹrin rèé tó ti ń mu ún. Ọjọ́ kẹrin náà rèé tí aránṣọ ti ń yàgbẹ́ gbuuru, tí inú rẹ̀ ń ṣí láìdáwọ́ dúró.

Ọ̀gá Páìpù ni gbogbo àdúgbò ń pe ẹ̀gbọ́n yìí. Ẹnikẹ́ni kò kọ́ ọ níṣẹ́. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni nígbà tó tú ẹ̀rọ tí ń fa omi ilé wọn palẹ̀, tó tò ó padà, tí irin kan ṣẹ́ kù sí i lọ́wọ́ tí kò rí ibi fi sí, tí ẹ̀rọ náà sì ń ṣiṣẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Láti ìgbà náà ló ti gbà pé kò sí ohun tí ń rìn láyé tí kò rìn bí omi. Bí èrò bá há sí ẹnu ọ̀nà, yóò ní páìpù ló kéré. Bí tọkọtaya bá ń jà, yóò ní afẹ́fẹ́ ti wọ inú páìpù wọn. Àwọn èèyàn máa ń rẹ́rìn-ín, wọ́n sì máa ń gbà á gbọ́, nítorí pé lọ́pọ̀ ìgbà, ohun tó bá sọ máa ń rí bẹ́ẹ̀.

Oṣù méje sẹ́yìn ni wọ́n la ìsàlẹ̀ ikùn àbúrò rẹ̀ ní ọsibítù, tí wọ́n fi kíndìnrín ìyàwó àbúrò náà sí i, nítorí pé méjèèjì tí wọ́n bí i mọ́ ti gbẹ. Ìyàwó náà, olùkọ́ àwọn ọmọ kéékèèké, kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ẹni tó jẹ́ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti kọ́kọ́ lọ ṣe àyẹ̀wò. Nígbà tó dé, ó sọ fún gbogbo mọ̀lẹ́bí pé tòun kò bá a mu.

Irọ́ ni. Ó bá a mu bí ìdérí ṣe ń bá ìkòkò rẹ̀ mu. Nọ́ọ̀sì tó fún un ní èsì ní ẹni tó bá rí ìwé náà yóò rò pé ìbejì ni wọ́n. Ọ̀gá Páìpù dúró lẹ́nu géètì, ó kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ó ronú nípa ọ̀bẹ. Ó ronú nípa oorun tí wọ́n máa ń fúnni sùn níbẹ̀, èyí tí ẹlòmíràn kì í jí nínú rẹ̀. Ó fa ìwé náà ya wẹ́wẹ́, ó sì gba ilé lọ.

Ó ti di oṣù méje báyìí tó ti ń wo ìyàwó àbúrò rẹ̀ tí ń fi ọwọ́ di ìhà rẹ̀ mú kó tó bẹ̀rẹ̀ mú ohun tó bọ́ sílẹ̀.

*

Kì í ṣe pé ó wá àgúnmu lọ. Iṣẹ́ ló gbé e débẹ̀.

Ẹnì kan ránṣẹ́ pè é pé ẹ̀rọ omi òun ń kán. Yàrá kan ni, ní ìparí ọ̀nà tóóró kan lẹ́yìn ìsọ̀ àwọn tí ń lẹ táyà. Obìnrin tí ń gbé ibẹ̀ ni wọ́n ń pè ní Màmá Ìgò. Ọ̀sán gangan ni, oòrùn ń yan òrùlé, ṣùgbọ́n inú yàrá náà ṣókùnkùn, ó sì tutù bí inú táǹkì. Ìgò ló kún ara ògiri láti ilẹ̀ dé àjà. Kò sí ìwé lára ìkankan. Nínú àwọn kan, ohun kan léfòó. Nínú àwọn mìíràn, ohun náà ti rì.

Ọ̀gá Páìpù kò wo ìgò. Ó kúnlẹ̀, ó ń tú ẹ̀rọ. Obìnrin náà jókòó lẹ́yìn rẹ̀ tímọ́tímọ́, débi pé ó ń gbọ́ bó ṣe ń mí. Lẹ́yìn náà ló sọ ọ́ jẹ́jẹ́, bí ẹni tí ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀.

"Ẹ̀rọ tó ń kán kò burú tó ẹni tí wọ́n pè tí kò jẹ́."

Sípánà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò tíì sọ ọ̀rọ̀ yìí fún ẹ̀dá alààyè kankan, kò sọ ọ́ fún ìyàwó tirẹ̀ tó ti kọ̀ ọ́ sílẹ̀, kò sọ ọ́ nínú àdúrà pàápàá. Ó fẹ́ béèrè ohun tó ní lọ́kàn, ṣùgbọ́n obìnrin náà ti ń bá ọ̀rọ̀ lọ. Ó ní ohun tí Ọ̀gá Páìpù kò fún àbúrò rẹ̀, ẹlòmíràn ti fún un, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àlejò ni nǹkan náà níbi tó wà. Àlejò a sì máa rántí ilé. Ó ní ẹnì kan wà tí ń pè é padà.

Ọ̀gá Páìpù béèrè ẹni náà. Màmá Ìgò ní kó wo ẹni tó bí ẹni tó yọ ọ́ fún un.

Ìyá ìyàwó. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára bí omi tútù. Ó rántí pé ìyá arúgbó yẹn ló sunkún jù ní ọjọ́ iṣẹ́ abẹ, tó ń sọ fún àwọn nọ́ọ̀sì pé ọmọ òun kò ṣàìsàn, kí ló dé tí wọ́n fẹ́ la ẹni tí ara rẹ̀ le. Bí kíndìnrín náà bá sì lọ, kí ni yóò kù? Ọsibítù yóò tún ṣí ìwé wọn. Wọn yóò tún ka orúkọ. Wọn yóò ní, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dà, ẹni tí tirẹ̀ bá a mu bí ti ìbejì?

Ó fẹ́ kí àbúrò òun yè. Èyí jẹ́ òótọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn nìkan ni òótọ́ tó wà níbẹ̀, ó sì mọ̀.

Màmá Ìgò di àgúnmu aláwọ̀ ilẹ̀ sínú bébà fún un. Ó ní a kì í tẹ́ ẹní fún àlejò sórí ìdọ̀tí. Àárọ̀ mẹ́ta ni yóò fi gbá inú àbúrò rẹ̀ mọ́. Bí kò bá tíì mọ́, kó máa bá a lọ títí yóò fi mọ́, ìgbà náà ni òun yóò fún un ní èyí tí yóò de àlejò mọ́lẹ̀. Ọ̀gá Páìpù béèrè bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́, nítorí kò lè ṣe kó má béèrè irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀.

"Ẹ̀rọ mi tẹ́ ẹ tú palẹ̀ yìí," ni obìnrin náà wí, "ṣé mo bi yín bó ṣe ń ṣiṣẹ́?"

*

Àwọn ọmọ ìyá méjèèjì máa ń mu tíì pọ̀ láràárọ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, láti ìgbà tí aránṣọ ti ti ọsibítù dé. Ẹ̀gbọ́n ló máa ń pò ó. Kò nira rárá.

Ní ọjọ́ kìn-ín-ní, inú aránṣọ ṣí lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Ní ọjọ́ kejì, kò kà á mọ́. Ó ń fi ara rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, ó ní òun ti di ẹ̀rọ omi, kí ẹ̀gbọ́n òun mú sípánà wá. Ọ̀gá Páìpù ń dáhùn pé iṣẹ́ yẹn kọjá agbára òun, àyà rẹ̀ sì ń balẹ̀ ní ìkọ̀kọ̀: ilé ń mọ́, ìdọ̀tí ń jáde.

Ní ọjọ́ kẹta, ìyàwó dúró níwájú bébà tó lẹ̀ mọ́ ògiri, ibi tó máa ń fàlà sí ní aago méje àárọ̀ àti aago méje ìrọ̀lẹ́ bí ọkọ rẹ̀ bá ti gbé kápúsù rẹ̀ mì. Oògùn yẹn ló ń pa àwọn ọmọ ogun ara lójú dé kí wọ́n má bàa rí àjèjì tó wà láàárín wọn, kí wọ́n má sì dìde sí i. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ bébà náà ni káàdì ọsibítù wà, tí wọ́n kọ sí i ní pupa pé bí inú bá ń ṣí ju ọjọ́ kan lọ, kí wọ́n pè. Fóònù ti wà lọ́wọ́ ìyàwó.

Ọ̀gá Páìpù ní kó fi í sílẹ̀ ná. Ó ní bí wọ́n bá gbé e lọ, wọn yóò dá a dúró lọ́sẹ̀ kan, bẹ́ẹ̀ aṣọ ilé-ẹ̀kọ́ àádọ́ta ọmọ wà nílẹ̀ tí sáà tuntun ń lé bọ̀. Ohun tí kò sọ ni pé wọn yóò béèrè ohun tó mu.

Ìyàwó gbé fóònù sílẹ̀. Ó mú ike kápúsù, ó ń wò ó.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ mọ bí nǹkan ṣe ń rìn. Bí inú ẹ̀ ṣe ń sáré tó yìí, ṣé oògùn yìí tiẹ̀ ń ráyè dúró níbẹ̀?"

Ìbéèrè náà dùn mọ́ ọn. Ó jókòó dáadáa láti dá a lóhùn. Ó ní kó wo ọgbà tí a ń bomi rin. Bí omi bá ń kán sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ilẹ̀ yóò mu ún yó. Bí a bá ṣí ẹ̀rọ gbàgàdà, omi yóò sáré kọjá lójú ilẹ̀, ìsàlẹ̀ rẹ̀ yóò sì gbẹ táútáú. Bẹ́ẹ̀ ni ìfun rí. Nínú kápúsù méjì tí àbúrò òun ń gbé mì, bóyá ni ìkan ń wọ ara. Àwọn ọmọ ogun yóò jí bí wọn kò bá rí oògùn tó. Kó fi ìkan kún un, láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, títí inú yóò fi dúró.

Ìyàwó mi orí. Ó ní ó yé òun dáadáa, pé ká ní àwọn dókítà ń ṣàlàyé báyìí ni, èèyàn kì bá tí máa bẹ̀rù. Ó mú bíírò, ó kọ "mẹ́ta" sórí ibi tó kọ "méjì" sí tẹ́lẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹrin ni òwú kọ̀ tí kò wọ abẹ́rẹ́.

*

Ìyá ìyàwó dé ní ọ̀sán ọjọ́ náà láti wá bá wọn fọ aṣọ ibùsùn. Arúgbó tínínrín ni, tí kì í jókòó fara ti nǹkan. Ó jókòó ti àna rẹ̀, ètè rẹ̀ ń mì láìsí ohùn, ọwọ́ rẹ̀ wà lábẹ́ aṣọ. Bí Ọ̀gá Páìpù bá wọlé, ètè náà yóò dúró.

Gbígbọ̀n ọwọ́ dé ẹsẹ̀. Ife kò dúró lọ́wọ́ aránṣọ mọ́, ó ń lu eyín rẹ̀. Orí ń fọ́ ọ débi pé wọ́n fi aṣọ dí fèrèsé, yàrá wá ṣókùnkùn lọ́sàn-án bí yàrá ìgò. Ó ní òun ń gbọ́ kíkùn kan nínú etí, bíi pé ẹnì kan ń pe orúkọ láti ọ̀nà jíjìn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ béèrè orúkọ ta ni. Ó ní kì í ṣe orúkọ òun.

Ní ọjọ́ kẹfà, níbi tí Ọ̀gá Páìpù ti ń bá wọn pààrọ̀ aṣọ ibùsùn, ó gbé ìrọ̀rí sókè. Aṣọ kékeré kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ta ní kókó méje. Irun ewú wà nínú kókó kọ̀ọ̀kan.

Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kan ilẹ̀ títí tó fi dé ẹ̀yìn ìsọ̀ àwọn tí ń lẹ táyà. Màmá Ìgò kò fọwọ́ kan aṣọ náà. Ó dìde, ó fi gèlè rẹ̀ bo àwọn ìgò tó wà nítòsí, bí ẹni tí ń bo ojú ọmọdé. Ó ní kó sun ún, kó da eérú rẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà tí ẹni tó dì í ń gbà wọlé. Bí ẹni náà bá kọjá lórí rẹ̀, agbára ọwọ́ rẹ̀ yóò pin. Ó tún bu àgúnmu fún un. Ọ̀gá Páìpù ní ó rẹ àbúrò òun jù. Obìnrin náà wò ó pẹ́.

"Ẹ̀yin tún ti fẹ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀ láàárín ọ̀nà," ló wí.

Ó gba bébà náà.

Ó sun kókó méje yẹn nínú agolo lẹ́yìn ilé. Irun náà rùn, èéfín rẹ̀ kò gòkè, ń ṣe ló ń rá pálá lórí ilẹ̀. Ó wọ́n eérú sí ẹnu ọ̀nà. Nígbà tí ìyá ìyàwó dé láàárọ̀ ọjọ́ keje, ó dúró lójijì níwájú ibẹ̀. Ó bọ́ bàtà. Ó wo ilẹ̀, ó wo ojú Ọ̀gá Páìpù, ó sì gbé ẹsẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan kọjá lórí rẹ̀ bí ẹni tí ń kọjá lórí ẹni tó sùn.

Títí di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ìtọ̀ aránṣọ kò kún ṣíbí kan.

*

Dókítà tó gbà wọ́n ní ọsibítù ní ìrọ̀lẹ́ náà kéré lọ́jọ́ orí, obìnrin ni, ó fi bíírò há etí. Ó wo ìwé ẹ̀jẹ̀. Ó wo ẹsẹ̀ tó wú, ó tẹ̀ ẹ́, ibi tó tẹ̀ sì dúró bẹ́ẹ̀ bí àmọ̀. Gbogbo wọn dúró yí ibùsùn ká: ìyàwó níhà orí, ìyá rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, Ọ̀gá Páìpù níhà ẹsẹ̀.

Ó ṣàlàyé fún wọn pé kíndìnrín náà ń kú lọ. Ọ̀nà méjì ló lè fà á. Ó lè jẹ́ pé àwọn ọmọ ogun ara ti jí, wọ́n sì ń lé àlejò. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, kíá ni òun gbọ́dọ̀ fi oògùn líle sí iṣan rẹ̀, kí òun sì fi kún kápúsù rẹ̀. Ó tún lè jẹ́ pé kápúsù náà ló pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀, nítorí bó bá pọ̀ jù, oògùn náà fúnra rẹ̀ ni yóò fún kíndìnrín lọ́rùn. Bó bá jẹ́ ìyẹn, dídá a dúró ni ìwòsàn, bí a bá sì fi kún un, ó parí. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń mọ iye tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ kò sí lọ́dọ̀ wọn. Wọ́n ti fi ẹ̀jẹ̀ ránṣẹ́ síbi tó wà. Ìrọ̀lẹ́ ọ̀la ni èsì yóò dé, kíndìnrín náà kò sì lè dúró de ìrọ̀lẹ́ ọ̀la.

Ó béèrè bóyá aláìsàn mu nǹkan mìíràn, egbò, ewé, ohun yòówù.

Ọ̀gá Páìpù tẹ ọwọ́ mọ́ àpò ṣòkòtò rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ìyá ìyàwó kúnlẹ̀ lórí símẹ́ńtì.

"Ọwọ́ mi ni," ló wí. "Mo di nǹkan sábẹ́ ìrọ̀rí ẹ̀. Èmi ni."

Ìyàwó yí ojú sí ìyá rẹ̀ bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí. Lórí ibùsùn, aránṣọ rọra yí ara rẹ̀ tó ń gbọ̀n síhà ògiri. Ọ̀gá Páìpù sì rí ilẹ̀kùn kan tó ṣí sílẹ̀ níwájú rẹ̀, gbayawu, tí kò sí ẹni tó dúró níbẹ̀. Gbogbo ojú wà lára arúgbó náà. Kò sí ohun tó yẹ kó ṣe ju pé kó dákẹ́. Ó sì mọ bí wọ́n ṣe ń dákẹ́. Oṣù méje ló ti fi kọ́ ọ.

Dókítà fa arúgbó náà dìde, ó ní aṣọ kì í wọ inú ẹ̀jẹ̀, ohun tó gbé mì ni òun ń béèrè. Bí kò bá sí, a jẹ́ pé ara ló ń lé e. Ó yọ bíírò létí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orúkọ oògùn líle náà, Ọ̀gá Páìpù sì ń gbọ́ bí bíírò ṣe ń họ bébà, lẹ́tà kan, lẹ́tà kejì. Ó wo ẹsẹ̀ àbúrò rẹ̀, àtẹ́lẹsẹ̀ tó máa ń gbá a nípàá lábẹ́ aṣọ kan náà nígbà tí wọ́n jọ ń sùn lọ́mọdé.

"Dókítà, ẹ dúró."

Ó fa bébà náà yọ nínú àpò, ó gbé e lé orí aṣọ funfun. Ó sọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ó sọ iye àárọ̀ tó ti fi í sínú tíì. Ó ní òun lòun ní kí wọ́n má pè, òun lòun sì ní kí wọ́n sọ kápúsù méjì di mẹ́ta. Bó ṣe ń sọ ọ́, kò wo ojú ẹnikẹ́ni, dókítà sì ti fa ìlà sórí ohun tó kọ.

*

Apòògùn ọsibítù, bàbá kan tó fi okùn so ìgò ojú rẹ̀ mọ́ ọrùn, ló ṣàlàyé fún un ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Kò bínú, ìyẹn ló sì mú kó le láti gbọ́.

Ó ní ìfun kì í ṣe páìpù. Ògiri rẹ̀ wà láàyè, àwọn aṣọ́nà sì wà lára rẹ̀. Nínú kápúsù irú èyí, àwọn aṣọ́nà yẹn máa ń já èyí tó pọ̀ jù lọ sí wẹ́wẹ́, wọ́n sì máa ń ti òmíràn padà síta kó tó wọ inú ẹ̀jẹ̀. Àwọn tó ń ṣe oògùn mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n ti ka ti àwọn aṣọ́nà mọ́ iye tí wọ́n ń fúnni. Nígbà tí àgúnmu fi ọjọ́ méje họ ògiri náà, ó gbá àwọn aṣọ́nà dànù. Oògùn wá ń wọlé fàà, kò sẹ́ni tó bi í pé níbo ló ń lọ.

"Ṣé kò dín kù rárá?" ni Ọ̀gá Páìpù béèrè. "Pẹ̀lú gbogbo bó ṣe ń ṣàn yẹn?"

"Ó pọ̀ sí i. Ẹ̀yin wá tún fi ìkan lé e." Ó nu ìgò ojú rẹ̀. "Oògùn mìíràn wà tí ń dín kù bí inú bá ṣí. Èyí kọ́. Ìdí tá a fi kọ ọ́ sórí káàdì pé kí ẹ pè wá nìyẹn, ọ̀gá. A ò kọ ọ́ pé kí ẹ rò ó."

Wọ́n dá kápúsù dúró. Wọ́n ń kán omi sí iṣan rẹ̀. Nígbà tí èsì dé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, iye tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ tó ìlọ́po mẹ́ta ohun tó yẹ. Ní ọjọ́ kẹta, ìtọ̀ dé, díẹ̀, ó pupa bíi tíì. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, dókítà ní kíndìnrín náà yóò yè, ṣùgbọ́n ó ti fi nǹkan sílẹ̀ ní ibi tó lọ. Ibi tí ì bá fi ogún ọdún sìn ín, bóyá ni yóò fi mẹ́wàá sìn ín báyìí.

Ọ̀gá Páìpù dọ̀bálẹ̀ fún ìyá ìyàwó ní ẹ̀yìn ọsibítù, lórí òkúta wẹ́wẹ́. Ó jẹ́wọ́ pé òun sun kókó méje náà. Arúgbó náà fi ọwọ́ kàn án léjìká.

"Mo ń bẹ kíndìnrín náà pé kó jókòó síbi tí ọmọ mi gbé e sí ni," ló wí. "Irun orí mi ni mo fi bẹ̀ ẹ́. Ẹ dìde, àna mi. Àyà tó ń já ló ń sun nǹkan."

Ọ̀gá Páìpù wá ṣírò ọjọ́ náà nínú ọkàn rẹ̀, wákàtí tí eérú tutù, wákàtí tí ìtọ̀ dúró. Apòògùn ti ṣàlàyé ohun gbogbo, ó sì yé e. Síbẹ̀ kò ṣíwọ́ àtiṣírò rẹ̀. Ó gba ẹ̀yìn ìsọ̀ àwọn tí ń lẹ táyà kọjá ní ọjọ́ kan, kò yà. Màmá Ìgò wà ní ojú fèrèsé. Ó gbé ọwọ́ sí i díẹ̀, bí a ṣe ń gbé e sí ẹni tó ń lọ tó ń bọ̀.

*

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ dá aránṣọ sílẹ̀, Ọ̀gá Páìpù bá ìyàwó ní ibi tí wọ́n ń sá aṣọ sí. Ó ní òun ní ọ̀rọ̀ kan tó kù. Ó bẹ̀rẹ̀ láti orí nọ́ọ̀sì àti ìwé àyẹ̀wò.

Ìyàwó kò jẹ́ kó parí rẹ̀. Ó ní òun ti mọ̀. Ní ọjọ́ tí òun lọ fún ẹ̀jẹ̀ tòun ni nọ́ọ̀sì kan náà bi òun pé ẹ̀gbọ́n ọkọ òun tó dà bí ìbejì rẹ̀, ṣé ó rìnrìn àjò ni. Òun dúró dè é ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Nígbà tí kò wá, òun wọlé, òun sì dùbúlẹ̀.

Ọ̀gá Páìpù béèrè ìdí tí kò fi sọ fún ẹnikẹ́ni. Ìyàwó ká aṣọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó tún un ká.

"Mo ń rò pé ẹ máa sọ ọ́ fúnra yín."

Ọ̀gá Páìpù ní òun ń lọ sọ fún àbúrò òun báyìí báyìí. Ó ti yí padà kó tó gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́yìn.

"Ẹ ò ní í sọ ọ́. Ó fẹ́ràn yín ju bó ṣe yẹ lọ. Àgúnmu yẹn, ó ti dárí ẹ̀ jì yín, ó ní ìfẹ́ ló ṣì yín lọ́nà. Èyí kò ní í lè dárí ẹ̀ jì yín, á sì máa gbìyànjú títí tí á fi kú." Kò gbé ohùn sókè rárá. "Ohun tí mo yọ fún un ti tó, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ má yọ ẹ̀gbọ́n ẹ̀ kúrò lára ẹ̀. Ẹ máa gbé e. Èmi náà ń gbé tèmi."

Ó gbé aṣọ, ó fi ọwọ́ kejì di ìhà rẹ̀ mú, ó sì ṣíwájú wọlé.

Àwọn oníbàárà méjì ti wá kí aránṣọ. Ó fara ti ìrọ̀rí, ojú rẹ̀ ti mọ́, ó ń sọ fún wọn pé wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ fi aṣọ àwọn ọmọ wọn sin òun. Nígbà tó rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó sún ẹsẹ̀, ó ń fi ọwọ́ lu ibi tó ṣófo lórí ibùsùn kó wá jókòó.

"Ẹ̀gbọ́n mi rèé," ló sọ fún wọn. "Ẹ wò ó dáadáa. Ká ní tiẹ̀ bá mi mu ni, ì bá ti gé ìdajì ara ẹ̀ fún mi, kò ní í béèrè."

Àwọn àlejò ń mi orí, wọ́n ní irú ọmọ ìyá bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Ìyàwó ń bu omi sínú ife, kò gbé ojú sókè. Aránṣọ ń wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń dúró de ìdáhùn.

Ọ̀gá Páìpù jókòó.

"Bẹ́ẹ̀ ni," ló wí.